Òdòdó Tí Mo Já Fún Mojí

Tí ẹ bá gba ọ̀nà Ọ̀rà kọjá ní àkókò tí òjò ń palẹ̀ mọ́ yìí, ẹ óò rí òdòdó kan tó so rọ̀ lára ọgbà àwọn olóko. Elésè àlùkò ni, ó dúdú díẹ̀ nídìí, ó sì gùn wálẹ̀ bí yẹtí obìnrin. Ó lẹ́wà débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò dúró wò ó. Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi kì í dúró mọ́. Bí mo bá gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀, ńṣe ni mo máa ń yíjú sí òdìkejì, tí mo máa ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Àwọn tó mọ̀ mí nílùú Ìlá yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi tí mo ti fi gbogbo ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ni òdòdó lásán ń lé kiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ni mo fẹ́ sọ fún, nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbọ́ ọ dópin láìmáa wo ẹ̀yìn yín bóyá mo ti so nǹkan mọ́ yín láṣọ.

Ẹ má rò pé ìkà ni mí o. Eré ló wà lára mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo so etí agbádá àwọn àgbàlagbà kan pọ̀ níbi wáàsí. Nígbà tí wọ́n dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, ọ̀kan ń lọ sápá ọ̀tún, èkejì ń lọ sápá òsì. Ẹ̀rín náà kò tíì tán nínú mi títí di òní! Mo ti fi alángbá sínú agolo súìtì fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Èyí tó wá lé mi kúrò nílé ìwé ni ti wèrèpè. Bóyá ẹ ò mọ wèrèpè níbi tí ẹ wà. Ìtàkùn ni, èso rẹ̀ dà bí ẹ̀wà, irun wẹ́wẹ́ ló sì bo èso náà lára. Bí èso náà bá gbẹ tán, tí irun yẹn bá kan ènìyàn, kò ní lè jókòó, kò ní lè dúró, yóò máa họra títí ara rẹ̀ yóò fi wú. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án nílùú wa, epo pupa ni yóò kọ́kọ́ fi pa ọwọ́ rẹ̀, kí irun náà má bàa rí ibi dì mú. Mo gbọn díẹ̀ sórí àga olùkọ́ ìṣirò wa nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tírì. Ọkùnrin náà jó! Ó jó kúrò ní kíláàsì, ó jó dé ìdí ẹ̀rọ omi. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó ṣe é, wọ́n ní kí gbogbo wa na ọwọ́ síta. Ọwọ́ mi nìkan ló ní epo. Bí ilé ìwé ṣe parí fún mi nìyẹn. Bàbá mi nà mí dáadáa, ó sì fà mí lọ sọ́dọ̀ Àlàájì télọ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́. Mi ò sunkún, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ wù mí ju ìṣirò lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Oníwèrèpè, mo sì máa ń dáhùn bí ẹni pé oyè ni.

Ilé Ìyá Olóbì ló kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Àlàájì. Obì ni ìyá yìí ń rà lọ́wọ́ àwọn olóko, tó ń tà fún àwọn tó ń kó o lọ sókè Ọya. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Mojí. Ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n òun wà ní kíláàsì àṣekágbá ní girama, ó sì mọ ìwé. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ kì í ṣe ìwé o. Mojí nìkan ni ènìyàn tó lè fi mí ṣeré, kí n má fura. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó fún mi ní obì tó ti bó, ó funfun nini. Mo bù ú jẹ. Kókò tútù ni! Ó ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ títí ó fi jọ obì. Ọ̀fun yún mí dé ìrọ̀lẹ́, òun sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbẹ̀san. Nígbà tó gbé aṣọ ilé ìwé rẹ̀ wá kí n bá a rán bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ ọn, mo rán ẹnu ọwọ́ aṣọ náà pa. Wọ́n ní gbogbo ìdílé náà ló bá a fà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin ènìyàn, ó wù mí kí ẹ rí ọ̀sán wọ̀nyẹn. Òjò á máa rọ̀ sórí páànù, Àlàájì á ti sùn lọ lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú tépù lọ́rùn, èédú inú áyọ́ọ̀nù á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Mojí á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, á máa ṣa obì tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, á máa fi ewé tútù wé èyí tó dára. Títì kékeré kan ló wà láàrin wa. Ariwo òjò kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa, nítorí náà ọwọ́ àti ojú la fi ń sọ̀rọ̀. Ó lè sín Àlàájì jẹ bó ṣe ń hanrun, tí màá fi di ìdí ẹ̀rọ mú kí n má bàa ṣubú. Ta ló mọ̀ pé irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ lè tán? Mo rò pé bí òjò bá ti ń rọ̀ nílùú Ìlá, Mojí á máa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Ẹnì kan ládùúgbò wa ní fídíò, fíìmù Íńdíà ló sì máa ń fi hàn wá lọ́jọ́ Àìkú. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan gun òkè lọ já òdòdó, ó sì fi í sínú irun obìnrin tó fẹ́ràn. Gbogbo àwọn obìnrin tó wà nínú ilé mí kanlẹ̀. Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, Mojí ní, "Nílùú wa yìí, ta ló lè fún obìnrin ní òdòdó?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́ ni?"

Ó gbá mi lẹ́yìn. "Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Iṣu lẹ̀yin mọ̀. Ọkùnrin á fẹ́ràn obìnrin, á gbé iṣu wá. Obìnrin náà á sè é, ọkùnrin náà á tún jókòó, á jẹ ẹ́ tán."

"Tí ẹnì kan bá wá fún ọ ní òdòdó ńkọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màá mọ̀ pé ó ti jókòó rò mí dáadáa kó tó dìde nílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Mo mọ̀ pé tí èsì ìdánwò rẹ̀ bá ti jáde, àǹtí rẹ̀ tó ń gbé ní Ìlọrin yóò wá mú un lọ síbẹ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kó mọ ohun tó wà lọ́kàn mi kó tó lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni irú mi ṣe ń sọ ọ́? Bí mo bá la ẹnu, ẹ̀fẹ̀ ló ń jáde. Mo wá sọ fún ara mi pé òdòdó ni yóò bá mi sọ ọ́.

Kò sí ẹni tó tíì wá òdòdó kiri Ìlá bí èmi ṣe wá a. Èyí tó pupa fòò níwájú ilé míṣọ̀n dára, ṣùgbọ́n ìyàwó pásítọ̀ ló ń bomi rin ín, ó sì mọ̀ ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Èyí funfun tó ń ta sánsán, ibojì ni wọ́n ń gbìn ín sí; tí mo bá gbé e dé iwájú Ìyá Olóbì, yóò bi mí bóyá òun ti kú ni. Òdòdó onírọ́bà wà ní ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tò, ṣùgbọ́n gbogbo ìyàwó tuntun tó wà nílùú ló ti dì í mú ya fọ́tò, eruku sì ti jẹ ẹ́ lára. Àwọn yẹ́lò ẹ̀bá títì pọ̀ jù, àwọn ewúrẹ́ ń sùn sínú wọn. Ti kòkó kéré bí èékánná ọmọ tuntun. Òdòdó ilá ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mú, nítorí ó lẹ́wà, àárín rẹ̀ dúdú bí ẹyinjú, ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti rọ, àti pé òdòdó tí ènìyàn bá já, ilá ọbẹ̀ ẹnì kan ló já yẹn. Ẹ wò ó, mo rò ó! Mi ò ro nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọjọ́ kan ni Àlàájì ní kí n gbé bùbá àti ṣòkòtò lọ fún àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Jímọ̀, lábà rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀rà. Inú bàbá dùn sí aṣọ náà, ó yọ iṣu nínú iná, ó bu epo sínú àwo, ó ní kí n jókòó. Ẹ̀yin náà mọ bí iṣu sísun ti rí pẹ̀lú epo tuntun. Mo fi ọwọ́ méjèèjì jẹ ẹ́, epo ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ mi. Omi tó kù nínú kèrègbè bàbá kò pọ̀, ojú sì tì mí láti fi fọwọ́, mo kàn fi ewé nù ún, mo sì gun kẹ̀kẹ́ mi. Mi ò tíì jìnnà tí mo fi rí òdòdó tí mo sọ fún yín yẹn, tó so rọ̀ lára ọgbà oko kòkó kan, tí oòrùn ń wọ̀ ọ́ lára.

Mo mọ̀ pé wèrèpè ni. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ kì í yún ènìyàn, èso rẹ̀ tó bá gbẹ ló ń yún ni, gbogbo èso tó wà nítòsí mi sì tutù yọ̀yọ̀. Mo sọ fún ara mi pé òdòdó tí gbogbo ayé ń sá fún tí ẹnikẹ́ni ò wò rí, èmi tí mo mọ̀ ọ́n ni màá já a. Ohun tí mi ò ṣe ni pé mi ò gbójú sókè. Lórí ọ̀pẹ kan tó ti kú, ìtàkùn náà ti so ṣáájú, èso tòkè ti gbẹ, atẹ́gùn sì ti ń gbọn irun wọn sórí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ wo ibẹ̀ ni mo tó rí i. Lọ́jọ́ náà, mo já èyí tó dára jù, mo fi ewé kókò wé e, mo sì fi àjákù léèsì tó wà lápò mi dì í. Ọrùn ń yún mi díẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo rò pé òógùn ni.

Mojí nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe rí i pé mo gbé nǹkan pamọ́ sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn lórí ẹní rẹ̀. "Kí nìyẹn? Alángbá ni àbí ọ̀pọ̀lọ́?"

"Tú u wò."

"Ìwọ tú u. Mo mọ̀ ọ́."

Mo tú u. Ó gbà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Níbo lo ti rí i?"

"Mo wá a kiri ìlú."

"Nítorí mi?"

Mo mi orí pé nítorí rẹ̀ ni. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ́ sọ lójú ọ̀nà tì í lẹ́yìn, mo ti pe orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ó pa ojú dé, ó sì ki gbogbo ojú rẹ̀ bọ inú òdòdó náà. Mo ṣì ń rí i bẹ́ẹ̀. Ìdùnnú tó wà lójú rẹ̀ nígbà yẹn, èmi ni mo fún un, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Ó kọ́kọ́ sín. Ó fi ọwọ́ nu imú, ó họ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó họ ọrùn. Lẹ́yìn náà ló fi igbe ta. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata, ipénpéjú rẹ̀ ti ń wú. Ìyá Olóbì sáré jáde, ó rí ohun tó wà nílẹ̀, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ eérú dà sí i lójú àti lọ́rùn kí yíyún náà lè rọlẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Ta ló gbé wèrèpè wọ ilé mi?"

"Ìyá, òdòdó ni, ẹ jọ̀ọ́, òdòdó rẹ̀ kì í..."

"Na ọwọ́ rẹ."

Mo na ọwọ́. Ìyá gbé e sí imú. "Epo," ló wí. Ó gbé ọwọ́ mi sókè kí gbogbo àwọn tó ti ń rọ́ jáde rí i. "Ẹ wá wò ó o! Ó fi epo para kó tó gbé e wá bá ọmọ mi!"

"Iṣu ni mo jẹ! Iṣu sísun lábà Bàbá Jímọ̀!"

"Ó jẹ iṣu dé ọrùn ọwọ́!" ni obìnrin kan kígbe láti ojú fèrèsé, gbogbo èrò sì bú sẹ́rìn-ín. "Oníwèrèpè! Ti olùkọ́ ò tó ọ!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Tí wọ́n bá bínú sí mi, ì bá sàn fún mi. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbá mi léjìká pé èyí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mojí wò mí nínú eérú, ó sì wọlé.

Àlàájì bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo ní rárá. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, sà."

"Èmi? Èmi tí o rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi pa, tí mo ṣubú níwájú àwọn lèmọ́mù? Lọ sọ fún un fúnra rẹ."

Mo lọ. Ìyá Olóbì da omi lé mi lórí. Mo tún lọ, wọ́n ní ó ń sùn. Ojú rẹ̀ kan kò tètè là, ẹ̀rù ba ìyá, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àǹtí rẹ̀ kó wá mú un lọ sílé ìwòsàn ní Ìlọrin, kó sì kúkú máa gbé ibẹ̀. Bí ìrìn àjò tó yẹ kó dúró de èsì ìdánwò ṣe di ti òjijì nìyẹn. Aṣọ oníbàárà ni mò ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí àpótí rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo sì sáré dé gáréèjì.

Ó ti jókòó sínú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi gèlè bo ìdajì ojú. Bí àwọn agbèrò ṣe rí mi, inú wọn dùn. "Oníwèrèpè dé o! Ẹ ti fèrèsé! Ṣé o fẹ́ fún dírẹ́bà náà ní òdòdó ni?" Gbogbo gáréèjì ń wò mí, wọ́n ń dúró de ohun tí màá sọ, bí wọ́n ṣe máa ń dúró dè mí láti kékeré. Mojí ṣí gèlè díẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wú. Kò bínú. Ó rọra bi mí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, "Sọ fún mi. Ṣé òtítọ́ ni òdòdó yẹn?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Kò gùn. Ọmọdé lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, ẹnu mi sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Mo pariwo pé, "Òdòdó kẹ̀? Oògùn ẹwà ni mo fún ọ! Ẹ wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe kún, ẹ ò rí i pé ó ti sanra!"

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá sítíárì. Mojí náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ti rí ohun tó ti fura sí tẹ́lẹ̀. Ó fa gèlè rẹ̀ padà, ó kọjú síwájú, ọkọ̀ sì lọ. Mo dúró síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ojú rẹ̀ ti sàn báyìí, Ọlọ́run ṣeun. Ó wà ní Ìlọrin, ó ń kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Olóbì náà ti mọ òtítọ́, nítorí Bàbá Jímọ̀ gbé obì wá tà fún un, ọ̀rọ̀ sì débi iṣu àti epo ọjọ́ yẹn. Ìyá pè mí, ó bu obì fún mi, obì gidi, ó ní kí n má bínú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ fún Mojí. Ó mi orí. Ó ní, "Mo lè sọ ti epo fún un. Èyí tí o sọ ní gáréèjì, ẹnu ta ló ti jáde?" Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi jẹ́ẹ́ pé ọkùnrin tíṣà kan láti Ọ̀fà ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà ọdún, láti wá mọ ilé. Ó ní Mojí kò tíì sọ pé òun gbà, kò sì tíì sọ pé òun kọ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti lọ sí gáréèjì, mo ti jókòó sínú ọkọ̀ Ìlọrin, ẹnì kan pè mí ní Oníwèrèpè láti ìta, mo dá a lóhùn, gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, mo sì sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ̀rín yẹn ṣe dùn mọ́ mi ló bà mí lẹ́rù. Mo tún máa lọ kí ọdún tó dé, mo ti pinnu, ọwọ́ òfìfo ni màá sì lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí mo bá dúró níwájú rẹ̀, tí ó bá tún bi mí bóyá òtítọ́ ni, báwo ni mo ṣe máa di ẹnu mi mú títí dìgbà tí "bẹ́ẹ̀ ni" yóò fi jáde, tí kò ní sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀?